Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí Ọlọ́jà Kì Í Kọ: Bí A Ṣe Ń Ṣèwádìí Ẹ̀rọ Home Theatre Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nọ́ńbà ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ home theatre: wáàtì 1,000, "ó gba 4K" (àwòrán tó mọ́ kedere gan-an), HDMI 2.1 (irú ihò okùn tó ń gbé àwòrán àti ohùn). Irọ́ pọ́nńbélé kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n kàn gé ìdajì ọ̀rọ̀ kúrò ni, ìyẹn bí wọ́n ṣe wọn nǹkan náà. Ìdajì yẹn gan-an ni ẹni tó fẹ́ rajà ń wá kiri.

Ká fi wáàtì bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan lè fi agbára sí sípíkà kan ṣoṣo, kó lo ohùn kan péré ní 1 kHz (1,000 Hz; Hz ló ń sọ bí ohùn ṣe rẹlẹ̀ tàbí bó ṣe ga tó), kó sì jẹ́ kí ohùn náà dàrú tó 10% kó tó ka wáàtì. Òmíràn á gbé sípíkà méjì ru receiver, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, lẹ́ẹ̀kan náà, láti 20 Hz tí bààsì ti ń kùn dé 20 kHz tí etí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò gbọ́ mọ́, ìdàrú ohùn kò sì ní tó 1%. Receiver kan náà lè jẹ́ 150 lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, kó já sí 80 lọ́wọ́ èkejì. Irú èyí ló mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ìpolówó wáàtì ní 1974, tí FTC, àjọ ìjọba wọn tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì tún un ṣe ní 2024 láti la ọ̀nà ìwọ̀n kan kalẹ̀. Wáàtì tí kò bá ní Hz, ohm (bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) àti iye ìdàrú ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣeé fi wé nǹkan kan. PMPO, wáàtì àbùmọ́ tí wọ́n ń kọ sára páálí, ńkọ́? Kéèyàn fò ó.

Wáàtì tó jẹ́ òótọ́ pàápàá kò tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 3 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) péré ni ohùn fi ń ga sí i. Ìlà tó yẹ kí ojú lọ wà nínú ìwé sípíkà, èyí tó sọ iye dB tó ń mú jáde ní mítà kan bí wọ́n bá fún un ní 2.83 V, fún sípíkà 8 ohm, wáàtì kan nìyẹn. Sípíkà tó ní 91 dB tí a fún ní wáàtì 50 á dún tó èyí tó ní 85 dB tí a fún ní 200. Ẹni tó bá mọ ìyẹn kò ní náwó sórí receiver ràgàjì lásán.

Ní ti projector, "ó gba 4K" ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Ó gbà á lóòótọ́: á gba àwòrán 4K (àmì kékeré 3840 × 2160) wọlé, á wá fún un pọ̀ mọ́ ìwọ̀n tirẹ̀, tó lè má ju 1280 × 720 lọ. Ìlà "native resolution", ìyẹn iye àmì kékeré tí projector fúnra rẹ̀ ní, ni ká wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì sábà máa ń tì í sí lára ọjà gbàrọgùdù.

Ibi tí òótọ́ pọ̀ sí jù ni ìwé atọ́nà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ gbé sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. HDMI 2.1 kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó wà nínú 2.1 ló bá a wá; ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láti mú tàbí láti fi sílẹ̀. Bí a bá ṣí ìwé náà dé àwòrán ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ihò HDMI mẹ́rin lè wà níbẹ̀, kó jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n kọ 4K 120 Hz (àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí, kí eARC tó ń gbé ohùn lọ sí receiver sì wà lórí ọ̀kan nínú méjì ọ̀hún. Bí receiver bá ti gba ìyẹn, ihò 4K 120 Hz kan ló kù fún ẹni tó ní ẹ̀rọ géèmù méjì. Ìpolówó wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀?

Ìràwọ̀ táwọn oníbàárà ń fún ọjà ṣe é wò, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló kọ̀wé lọ́jọ́ tí páálí dé, nígbà tí ohun gbogbo ṣì ń dán. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fún un ní mẹ́ta ló sábà máa ń kún jù, torí ó yìn ín, ó sì bù ú. Ká sì yẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ wò létà-létà: létà kan tó yàtọ̀ ti tó gbé ihò HDMI kan lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà, ká kọ́kọ́ bi í pé ta ló sanwó ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń gba owó nígbà tí òǹkàwé bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ rajà kì í ṣe òpùrọ́ dandan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á wúwo láti sọ pé ká má rà á. RTINGS, ìkànnì kan tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà, ń fowó ara rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n tó ń yẹ̀ wò, ọ̀nà kan náà ló sì fi ń wọ̀n wọ́n, ìdí nìyẹn tí a fi lè gbé méjì kojú ara wọn níbẹ̀.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe ni pé kó gbé ohùn sípíkà dé yàrá ẹni, torí ògiri, àga àti kọ́tìnnì wà lára ohun tó ń pinnu bó ṣe máa dún. Fídíò tí wọ́n fi ń jẹ́ ká gbọ́ ọ, sípíkà fóònù ẹni ló ti ń jáde. Nítorí náà, àdéhùn dídá ọjà padà ló kù láti kà: ọjọ́ mélòó ni, ṣé wọ́n á gbà á bí a bá ti tú páálí, ta ló sì ń san owó ọkọ̀, torí owó dídá subwoofer (sípíkà bààsì) ńlá padà lè gbé gbogbo ẹ̀dínwó tí wọ́n ṣe mì.