Orúkọ ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè nínú àkànlò èdè Tsẹ́kì

Ọ̀pọ̀ àkànlò èdè àti àfiwé nínú èdè Tsẹ́kì ló ń fi orúkọ ẹ̀yà tàbí orílẹ̀-èdè kan ṣàpèjúwe ìwà ẹ̀dá. Ẹni tí sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ń fín in bí ará Tọ́kì (kouří jako Turek). Ahun dà bí ará Skọ́tlándì. Ẹni tó bá sì yọ́ kúrò lóde ayẹyẹ láìdágbére ti lọ bíi Gẹ̀ẹ́sì (odejít po anglicku). František Ladislav Čelakovský kó òwe àwọn ẹ̀yà Slav jọ sínú ìwé tó jáde ní 1852. Ìwé atúmọ̀ àkànlò èdè Tsẹ́kì tí František Čermák àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1983, àfiwé sì ni ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ dá lé.

Bí ẹ̀yà kan bá ṣe jìnnà tó ni àkànlò tó kàn án ṣe máa ń jẹ́ eré tó. Ohun tí kò yé ará Tsẹ́kì rárá jẹ́ abúlé Spéìn (španělská vesnice) lójú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n bá a pààlà, ní abúlé Bohemia (böhmische Dörfer) ni tiwọn, ìyẹn ni pé abúlé Tsẹ́kì gan-an ló rú wọn lójú. Irú ìdáríkọsíra-ẹni báyìí pọ̀ ní Yúróòpù. Faransé àti Pólándì náà gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni kì í dágbére, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà Faransé ni. Àrùn sífílíìsì ni àwọn Tsẹ́kì ń pè ní àrùn Faransé (francouzská nemoc) láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn Faransé ń pè é ní àrùn Naples. Ẹ̀fẹ̀ tó ń ta ni lára ni wọ́n ń pè ní ẹ̀fẹ̀ Kánádà (kanadský žertík), inú kò sì bí ará Kánádà kankan sí i. Ìbátan olówó tí a kò rí rí ni àbúrò bàbá láti Amẹ́ríkà (strýček z Ameriky). Èyí ní gbòǹgbò gidi, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn Tsẹ́kì ló kó lọ sí Chicago àti Texas láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ẹ̀rù ogun ló gbé orúkọ Tọ́kì wọ èdè náà. Ní 1526, ọba Bohemia kú lójú ogun Mohács níbi tó ti ń bá àwọn Ottoman, ìyẹn ìjọba Tọ́kì ayé ìgbà náà, jà, Ferdinand ti ìdílé Habsburg sì jọba lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn Tsẹ́kì ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó orí fún ogun Tọ́kì. Àwọn Ottoman dó ti Vienna ní 1529 àti 1683, wọ́n sì kó àwọn ará Moravia, apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tsẹ́kì, lẹ́rú ní 1663. Lórí afárá Charles ní Prague, ère kan tí Brokoff gbẹ́ ní 1714 fi ará Tọ́kì hàn níbi tó ti ń ṣọ́ àwọn Kristẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ère ará Tọ́kì tún wà lára Orloj, aago ńlá àtijọ́ kan ní Prague, láti dúró fún afẹ́ ayé. Síbẹ̀, kò sí èébú nínú sedět po turecku, tó kàn túmọ̀ sí kí èèyàn ká ẹsẹ̀ jókòó.

Ọ̀rọ̀ yí padà tó bá kan àwọn tó ń bá wọn gbé. Ère ahun tó di àpò owó mú wà lára aago Orloj pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ti fi ìrísí Júù sogúndogójì hàn tẹ́lẹ̀. Ariwo tó ń bo ilé ni wọ́n ń fi wé ti ilé-ìwé Júù (jako v židovské škole). Lže jako cikán ní tirẹ̀ ń sọ pé ẹnìkan ń parọ́ bí ará Rómá, ìyẹn ẹ̀yà tí àwọn kan ń pè ní Gypsy, kì í ṣe ará ìlú Róòmù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Násì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Júù àti Rómá tó wà ní Bohemia àti Moravia. Ní Lety, abúlé kan ní Bohemia níbi tí wọ́n há àwọn Rómá mọ́ nígbà ogun náà, ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ náà láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí ilé ìrántí síbẹ̀. Nítorí náà, kò ṣeé fi irú àfiwé yìí sọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ Kánádà. Ìwé ìjọba ń lo Rom báyìí dípò cikán.

Lẹ́nu àìpẹ́, jít k Vietnamcovi, “lílọ sọ́dọ̀ ará Vietnam”, ti di kí èèyàn sáré ra nǹkan ní ìsọ̀ àdúgbò. Àdéhùn láàárín àwọn ìjọba Kọ́múnísì ló mú àwọn ará Vietnam wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣí ìsọ̀ lẹ́yìn 1989, nígbà tí ìjọba Kọ́múnísì ti wó.

Àwọn Tsẹ́kì kì í yọ ara wọn sílẹ̀. Co Čech, to muzikant ní olórin ni gbogbo ọmọ Tsẹ́kì. Charles Burney, onímọ̀ orin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Čáslav ní Bohemia ní 1772, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ ohun èlò orin ní ilé-ìwé. Ìtàn ẹnu kan bu iyọ̀ díẹ̀ sí i: wọ́n ní a máa ń gbé gòjé òyìnbó àti owó síwájú ọmọ tuntun. Tó bá mú gòjé, olórin ni. Tó bá mú owó, olè ni. Ọwọ́ wúrà (zlaté české ručičky) ni oríkì tí wọ́n fún oníṣẹ́ ọwọ́ wọn. Láàárín ara wọn, ará Haná ní Moravia ni wọ́n máa ń sọ pé ara rẹ̀ kì í yá, àwọn ará Moravia sì ń bú ará Prague ní cajzl.