Ibi tí fífi fáírọ́ọ̀sì pa ẹ̀fọn ti bẹ̀rẹ̀

Tanwíji, ìdin ẹ̀fọn inú omi, ló fi ọ̀nà yìí hàn. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Amẹ́ríkà ń rí tanwíji irú ẹ̀fọn kan, Aedes taeniorhynchus, tí ara wọn ń dán yanran bí epo tó dà sójú omi: òmíràn pọ́n bí ọsàn, òmíràn dà bí aró. Fáírọ́ọ̀sì tó tò létòlétò sínú ọ̀rá ara wọn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá dà á sínú omi fún àwọn tó lera, díẹ̀ ló ń mú. Ìyókù á dàgbà, wọ́n á fò lọ.

Ní 1972, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì mìíràn, densovirus, lára irú ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Aedes aegypti ní Soviet Union. Tanwíji tó kéré ló ń tètè pa. Èyí tó bá rù ú là lè dàgbà, kó gbé e lọ sómi mìíràn, kó sì kó o ran ẹyin rẹ̀.

Ní 1976 ni wọ́n rí bakitéríà Bti ní aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì. Láàárín ọjọ́ kan ó ti pa tanwíji, ó sì rọrùn láti pèsè lọ́pọ̀ yanturu. Ta ló tún fẹ́ náwó sórí fáírọ́ọ̀sì?

Ọ̀rọ̀ náà tún gbérí ní Florida ní 1997, nígbà tí wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì CuniNPV lára ẹ̀fọn Culex nigripalpus nínú omi ìdọ̀tí ẹlẹ́dẹ̀. Omi yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Níbi tí kò bá sí magnẹ́síọ̀mù, èròjà kan tó ń wà nínú omi, agbára káká ni fáírọ́ọ̀sì yìí fi ń ran tanwíji. Tó bá wà, ó ń jà bí iná ọyẹ́. Kálísíọ̀mù, èròjà mìíràn, ní tirẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá yẹ omi wò ṣáájú lè rò pé fáírọ́ọ̀sì òun ti kú.

Láti dán an wò, wọ́n á lọ òkú tanwíji tó ti kó o, wọ́n á pò ó mọ́ omi tó ní magnẹ́síọ̀mù, wọ́n á sì kó àwọn tó lera sínú rẹ̀. Ìfun wọn á wú, á funfun bí ẹfun, tí èèyàn á máa rí i láti ẹ̀yìn awọ wọn tó mọ́ gaara. Láàárín wákàtí 72 sí 96, wọ́n á kú.

Ẹ̀fọn Culex ni CuniNPV ń bá jà. Kò rí Aedes aegypti gbé ṣe. Kò sì tíì sí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú ìgò tó ń gbà á láàyè láti pọ̀ sí i, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pèsè rẹ̀ ní láti sin Culex fúnra rẹ̀, kó kó àìsàn náà ràn wọ́n, kó tó máa ṣa òkú wọn jọ.