Bí A Ṣe Ń Wa Bátànì Jáde Nínú Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Server

Server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, kì í ṣàdédé dákú. Lọ́pọ̀ ìgbà, àmì á ti wà nínú àkọsílẹ̀ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), mẹ́mórì àti dísìkì rẹ̀ ṣáájú. Lórí Linux, sysstat, àkójọ irinṣẹ́ tí sar àti sadf wà nínú rẹ̀, ló sábà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10-10, ìlà 144 lóòjọ́. Àṣẹ sadf -d á sì sọ ọ́ di ohun tí dátàbéèsì lè kà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 10 ni nọ́ńbà tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí CPU bá wà ní 100% fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, tó sì wà ní 10% fún 570 tó kù, 14.5% péré ni àkọsílẹ̀ á gbé jáde. Àwọn oníbàárà ti bínú lọ, àkọsílẹ̀ ní kò sí wàhálà! Bí a bá ń gbà á ní ìṣẹ́jú kan-kan, tí gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sínú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, 55% ni yóò hàn. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá.

Lẹ́yìn náà, wákàtí kan náà ni ká fi wé ara wọn. Aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò lè jọ aago 3 òru ọjọ́ Àìkú. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó to iye ọ̀sẹ̀ 9 láti kékeré dé ńlá, a ó sì mú èyí tó bọ́ sí àárín, nítorí ọjọ́ burúkú kan lè ba ìpíndọ́gba jẹ́. Lórí Debian, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux kan, ọjọ́ 7 péré ni sysstat ń tọ́jú, àfi ká fi kún HISTORY, ìyẹn iye ọjọ́ náà, nínú /etc/sysstat/sysstat.

K-means, ọ̀nà ìṣirò kan, ló ń kó àwọn ìṣẹ́jú tó jọra sí agbo kan: ti bákọ́ọ̀pù òru lọ́tọ̀, ti èrò àárọ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó jìnnà sí gbogbo agbo ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ gbogbo nọ́ńbà di ìwọ̀n kan náà ná. Báìtì mẹ́mórì ń lọ sí bílíọ̀nù, CPU kì í kọjá 100; bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́mórì nìkan ni yóò máa dájọ́.

Ká tó mọ ohun tó fa kí ni, a ó ti òpó nọ́ńbà kan nínú àkọsílẹ̀ sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta, ká wo ibi tó ti bá èkejì mu jù. Bí swap (apá dísìkì tí a ń lò bíi mẹ́mórì nígbà tí mẹ́mórì bá fẹ́ tán) bá máa ń gòkè ṣáájú kí dísìkì tó há, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́mórì ló kọ́kọ́ ń tán, dísìkì tuntun kò sì ní wò ó sàn. Bó bá jẹ́ server méjì là ń fi wéra, NTP, ètò tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbọ́dọ̀ ti mú aago wọn bára dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn lè hàn bí èyí tó ṣáájú.