Fáírọ́ọ̀sì Wọlé, Ẹnu Rẹ̀ Ni Wọ́n Pa Mọ́

Bí àgbẹ̀ Kétu bá ra irúgbìn tòmátì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé àrùn ewé-kíká kì í pa á, Àkàbà Ìdènà ló máa ń wá sọ́kàn rẹ̀: ẹnu ibodè tó tì gbọningbọnin, ọ̀tá kò ríbi wọlé. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ṣe oko ní jàǹbá.

Eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́, tí gígùn rẹ̀ ò ju bíi mìlímítà 1 lọ, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn náà, kiri. Á fara pamọ́ sábẹ́ ewé, á máa fa omi rẹ̀ mu. Kò ní pẹ́ tí etí ewé á fi ká sókè bí ife, tí á pọ́n rúsúrúsú, tí òdòdó á máa já sílẹ̀.

Ìbátan tòmátì kan tó ń hù ní aṣálẹ̀ Chile àti Peru, Solanum chilense, ló ní jíìnì, ìyẹn àṣẹ àbínibí inú ara, tí wọ́n ń pè ní Ty-1, tí kì í jẹ́ kí àrùn yìí pa igi. Èso tirẹ̀ kéré, kò ṣeé fi se ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ irúgbìn á bu ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ kun òdòdó tòmátì oko. Ọmọ inú hóró sábà máa ń kú kó tó gbó, nítorí náà wọ́n á fi abẹ yọ ọ́, wọ́n á tọ́ ọ nínú ìgò. Ìdajì-ìdajì ni ọmọ náà. Wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ ìdílé tòmátì oko, kí ẹ̀jẹ̀ aṣálẹ̀ lè dín kù: ìdá kan nínú 4, nínú 8, nínú 16. Nígbà tí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kẹfà, kò tó ìdá kan nínú 100 mọ́.

Ìṣirò nìyẹn o. Jíìnì kì í dá rìn. Ṣe ló dà bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí: fa ẹyọ kan, àwọn tó yí i ká á tẹ̀ lé e, àti èyí tó ń ba èso jẹ́. Bí òwú tí jíìnì tò sí (krómósómù), ti ìyá àti ti baba, bá tò síra wọn, wọ́n lè já kí wọ́n sì pààrọ̀ apá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ lọ́wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí kò wúlò. Àmọ́ lórí òwú kẹfà, níbi tí Ty-1 wà, ìlẹ̀kẹ̀ aṣálẹ̀ dorí kodò. Kò bá ti oko mu, pàṣípààrọ̀ kì í fẹ́ wáyé. Irúgbìn lórí irúgbìn ni wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó rí èyí tí òwú rẹ̀ já síbi tó yẹ. Kò sí ibi tí sùúrù ti pọ̀ tó báyìí nínú iṣẹ́ yìí.

Tí Ty-1 bá wá dé inú tòmátì wa, kì í ti ilẹ̀kùn. Fáírọ́ọ̀sì á wọlé. Jíìnì yìí á jẹ́ kí igi fi àmì tó pọ̀ sára DNA fáírọ́ọ̀sì, ohun tí àṣẹ àbínibí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmì tó ń pa á lẹ́nu mọ́ kó má lè bí sí i. Igi á máa so, àlejò burúkú náà sì wà nínú ilé.

Ó yẹ kí àwọn tó ń ta irúgbìn máa sọ èyí fún àgbẹ̀, kó má baà dẹwọ́ lórí eṣinṣin. Ewé rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀, kí eṣinṣin sì ti ibẹ̀ gbé fáírọ́ọ̀sì lọ sí oko ẹni kejì tó gbin tòmátì ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni ewé á ti ká.