Bí Àyẹ̀wò Ọpọlọ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Kó Tó Dé Ọ̀yọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni àkànṣe, ìyẹn kíkọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀, níbí ní Ọ̀yọ́ sábà máa ń rò pé iṣẹ́ àyẹ̀wò ọpọlọ ni pé ká fi máàkì ya ẹni tó gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára olódo. Mi ò bá wọn wí. Ohun tí wọ́n ti fojú rí látìgbà tí wọ́n ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn: ẹni tó gba ipò kìíní, ẹni tó gbé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Alfred Binet, ará Faransé tó dá àyẹ̀wò yìí sílẹ̀, kò wá ẹni tó gbọ́n jù. Ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ló ń wá kiri.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ dán èèyàn wò o. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò fáwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọba ní Ṣáínà kí wọ́n tó fòpin sí i lọ́dún 1905. Ní London, lọ́dún 1884, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣí yàrá kan síbi ìpàtẹ ìlera tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Tó o bá ti san tọ́rọ́, wọ́n á wọn bó o ṣe ga tó, bí ọwọ́ rẹ ṣe lágbára tó, bí etí rẹ ṣe mú tó, àti bó o ṣe ń tètè dáhùn tí wọ́n bá ṣe nǹkan lójijì. Ó lé ní 9,000 èèyàn tó wọlé. Ohun tó wà lọ́kàn Galton ni pé ẹni tí ojú àti etí rẹ̀ bá mú, ọgbọ́n rẹ̀ náà á mú. James McKeen Cattell gba ọ̀nà yìí lọ sí Amẹ́ríkà, òun ló sì fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórúkọ lọ́dún 1890. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, Clark Wissler, wá gbé èsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Columbia lọ́dún 1901, méjèèjì ò bára mu rárá.

Ibí yìí ni mo ti máa ń dá kíláàsì dúró. Ohun méjì là ń bi àyẹ̀wò èyíkéyìí. Bó ṣe wọ̀n mí lónìí, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló máa wọ̀n mí lọ́la? Ohun tó sì ní òun ń wọ̀n, ṣé òun náà ló ń wọ̀n lóòótọ́? Ìbéèrè kejì yìí ló bi iṣẹ́ Galton àti Cattell wó.

Lọ́dún 1904, ìjọba Faransé gbé ìgbìmọ̀ kan dìde. Òfin ti sọ ilé ìwé di dandan fún gbogbo ọmọ, àwọn olùkọ́ sì ń rí àwọn tí ẹ̀kọ́ kíláàsì ò wọ̀ lára. Ta ni kí wọ́n kó lọ síbi tí wọ́n á ti fara balẹ̀ kọ́ wọn? Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ nìkan, ọmọ tó kàn ń ṣe wàhálà lè bá wọn lọ, èyí tó sì jókòó jẹ́ẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan á ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Binet àti dókítà Théodore Simon gbé ọgbọ̀n ìbéèrè jáde lọ́dún 1905, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Àkọ́kọ́: wọ́n á ṣáná, wọ́n á rọra gbé e kọjá níwájú ọmọ, wọ́n á wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ṣokoléètì àti igi wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀. Èwo ló máa mú jẹ? Ó máa tún nọ́ńbà mẹ́ta pè. Ó máa fọwọ́ gbé ẹrù kéékèèké méjì, á sọ èyí tó wúwo jù. Ìkẹyìn nínú ọgbọ̀n náà ni pé kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ bíi ká bọ̀wọ̀ féèyàn àti ká fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí mo mọ̀ á rìn gbéregbère níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló kan ìṣáná nínú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n?” Mo ní kó sọ fún mi bó ṣe máa kọ́ ọmọ tí ojú rẹ̀ ò tẹ̀ lé iná ní A, B, D.

Lọ́dún 1908, wọ́n to àwọn ìbéèrè náà sábẹ́ ọjọ́ orí: èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méje lè ṣe. Binet kò fìgbà kan gbà pé ibi tí ọmọ bá wà lónìí ló máa wà títí ayé. Ó kọ ọ́ lọ́dún 1909 pé àwọn tó ń sọ pé ọgbọ́n ò lè pọ̀ sí i ń ṣìnà, ó sì ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọkàn sí nǹkan.

Ó kú lọ́dún 1911. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Stern ní Jámánì dá a lábàá pé ká fi ọjọ́ orí ọmọ pín ọjọ́ orí tí ọpọlọ rẹ̀ bá. Lewis Terman ti yunifásítì Stanford wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100 lọ́dún 1916. Bí ọmọ ọdún 10 bá ṣe èyí tí ọmọ ọdún 8 ń ṣe, 80 ni. Bí IQ, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ọgbọ́n èèyàn ṣe tó, ṣe dé nìyẹn, àtìgbà náà ni nọ́ńbà kan ṣoṣo ti ń tẹ̀ lé ọmọ kiri.

Lọ́dún 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé. Robert Yerkes, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán nǹkan bíi 1,700,000 ọmọ ogun wò. Àwòrán ni wọ́n fún àwọn tí kò mọ̀wé: kí ló kù níbí? Ọ̀kan jẹ́ pápá tẹ́níìsì tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, òmíràn jẹ́ giramafóònù tí kò ní ìwo. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò rí tẹ́níìsì rí pàdánù máàkì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ ò pé. Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn, tí wọ́n ya onígángan tí kò mú kọ̀ǹgọ́ dání, mo fẹ́ mọ iye tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun náà máa gbà.

Ní tiwa, WAEC ti wà láti ọdún 1952, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ni irú ìdánwò yẹn ń bi í. Kò sọ ohun tó lè kọ́. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Paul Schwarz, ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ lórí àyẹ̀wò ẹ̀bùn iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì rí i pé ìlànà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé nìkan ò tó. Àfi kí wọ́n fẹnu ṣàlàyé, kí wọ́n ṣe é lójú ọmọ, kí wọ́n sì jẹ́ kó fi díẹ̀ dánra wò kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn, C. G. M. Bakare ṣe ìwé ìbéèrè nípa bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kàwé, èyí tó jáde lọ́dún 1977, àwọn agbaninímọ̀ràn nílé ìwé ṣì ń lò ó. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ yìí sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ adití, afọ́jú àti ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ò tètè gbà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá mú ọmọ kan wá pé olódo ni, etí àti ojú rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wá ṣí àpótí àyẹ̀wò, ẹ ka ìwé tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: ọmọ ìlú wo ni wọ́n, ọdún wo ni wọ́n dán wọn wò. Bí kò bá sí ọmọ tó jọ èyí tó jókòó níwájú yín láàárín wọn, ẹ kọ ìyẹn sínú ìjábọ̀ yín kẹ́ ẹ tó kọ máàkì.