Bí Ẹ̀bùn Ọjọ́ Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde Ṣe Ń Bọ́ Sọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà l'Abẹ́òkúta, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá pè síwájú gba ẹ̀bùn lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kì í pẹ́ lórí pèpéle, ṣùgbọ́n láti sáà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ṣírò ohun tó gbé e débẹ̀.

Ẹni tó bá gba máàkì 70 sókè nínú kọ́ọ̀sì kan ní A, ìyẹn póìǹtì 5. 60 sí 69 jẹ́ B, póìǹtì 4. 50 sí 59 jẹ́ C, póìǹtì 3. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe wúwo tó, òun ni wọ́n sì fi ń sọ póìǹtì náà di ìlọ́po. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní A nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 4 àti oníyúníìtì 3, tó wá ní B nínú oníyúníìtì 2, ti kó póìǹtì 20, 15 àti 8, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 43. Tí a bá pín in sí yúníìtì 9, ó di 4.78. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pa gbogbo sáà pọ̀ di CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba póìǹtì láti sáà àkọ́kọ́, 4.50 sókè ló sì ń jẹ́ fáàsì kíláàsì, ìpele èsì tó ga jù.

Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ jù nìyí. C kan ṣoṣo nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 lọ́dún àkọ́kọ́ ti gbé póìǹtì 6 lọ, torí 9 ló máa mú wá dípò 15, kò sì sí bó ṣe máa padà wá, torí pé A kò lè ju 5 lọ láé. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún àwọn ọmọ tuntun lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé gan-an.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lo ọdún kẹrin wọn lóko, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá kàn. Ẹni tó gbin àgbàdo sí ebè ìwádìí á máa fi rúlà wọn gíga igi kọ̀ọ̀kan, á máa kọ ọ́ sílẹ̀, títí yóò fi dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé ohun tó fà á tí ebè kan fi yàtọ̀ sí èkejì. Olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn náà á yẹ iṣẹ́ àṣekágbá wò, kó má baà di pé ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló ń dájọ́ ọmọ tirẹ̀.

Èsì náà á gba ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá kó tó dé Sẹ́néètì, ìgbìmọ̀ tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó ta gbogbo wọn yọ, ìdílé tàbí ilé iṣẹ́ lè fowó kalẹ̀ fún ẹni tó mókè jù nínú ẹ̀kọ́ kan pàtó, nítorí náà ni wọ́n ṣe lè pe orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.