Ectotherm: kí ló dé tí alángbá tó fara pa fi ń wá oòrùn kó tó wá oúnjẹ?

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ológbò kan mú akọ alángbá lábẹ́ ògiri ilé wa ní Ìlódè, nílùú Ilé-Ifẹ̀. A gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ojú eyín méjì wà ní ìhà rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan nílẹ̀, orí tó máa ń pọ́n bí epo sì ti ṣú, ó dà bí eruku. Ọmọ mi gbé e sínú páálí, ó ti páálí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí sìmẹ́ǹtì ti tutù bí ìdí àmù, ó sì bu ìrẹsì síwájú rẹ̀. Àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ká ní a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òtútù yẹn ì bá parí iṣẹ́ tí ológbò bẹ̀rẹ̀.

Ectotherm ni àwọn onímọ̀ ẹranko ń pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà: ìta, àti ooru. Ẹ̀dá tí ooru ara rẹ̀ ń ti ìta wá ni. Nílé ìwé, "ẹlẹ́jẹ̀ tútù" ni wọ́n fi kọ́ wa, orúkọ yẹn sì ti ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Alángbá tó bá ti yá oòrùn dáadáa, ara rẹ̀ lè gbóná tó 36 tàbí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bíi tèmi àti tìrẹ gẹ́lẹ́. Ibi tí ooru náà ti wá ló yàtọ̀.

Inú àwa ènìyàn ni ààrò tiwa wà, oúnjẹ sì ni igi tí a ń kì sí i. Ìdí nìyẹn tí ebi fi ń tètè pa wá. Alángbá kò dáná sínú. Ẹ̀yìn òrùlé, orí àpáta, ara búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ti pa, ibẹ̀ ló ti ń lọ yáná. Oúnjẹ tí ń tó o kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí eku tó tóbi tó o máa jẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá ríná yá, ohun gbogbo nínú ara rẹ̀ ń falẹ̀: iṣan, ọkàn, ìfun. Oúnjẹ tó bá jẹ nígbà tí ara rẹ̀ tutù lè jẹrà sínú rẹ̀ láìdà.

Agbára tó fi ń bá àìsàn jà náà ń falẹ̀. Ní 1975, Matthew Kluger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi bakitéríà sára àwọn alángbá aṣálẹ̀, wọ́n wá pín wọn sí ibi tí ooru wọn yàtọ̀ síra, láti 34 dé 42. Àwọn tó wà níbi tó tutù jù ni ikú pa jù; àwọn tó wà ní 40 àti 42 ló yè jù. Wọ́n sì ti rí i ṣáájú pé bí a bá fún alángbá tó ń ṣàìsàn láyè, ibi tó gbóná ju èyí tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀ ló máa ń lọ. Ibà tí ara tiwa ń dá fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ni alángbá fi ń rìn lọ bá a nínú oòrùn. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí gan-an. (Ará aṣálẹ̀ ni tiwọn o, ẹ má fi 42 dán tiwa wò.)

Nítorí náà la ṣe gbé páálí jáde síta, tí a ṣí orí rẹ̀, tí a fi àwọ̀n bò ó. Ìdajì wà nínú oòrùn, ìdajì wà lábẹ́ òjìji, kí ó lè yan èyí tó wù ú. Bí a bá dé e mọ́ inú oòrùn gbuurugbu, yóò jóná kú; ó gbọ́dọ̀ ríbi sá sí. Ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé kò sì dára, nítorí gíláàsì ń dí ìtànṣán tí alángbá fi ń ṣe fítámì D, èyí tí egungun rẹ̀ nílò. Lálẹ́, bí iná bá lọ, a ó rọ omi gbígbóná sínú ìgò, a ó fi aṣọ wé e, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ojú ọgbẹ́, ayọdín tí a bu omi là títí ó fi dà bí tíì fífúyẹ́ la fi nù ún. Ẹ má fi Dettol, ẹ má fi kẹrosíìnì. Eyín ológbò ní kòkòrò àìsàn púpọ̀, nítorí náà a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́. Omi, ẹ̀kán kan sí ètè rẹ̀, kó lá a fúnra rẹ̀. Ká sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí a bá gbé e, torí salmonella, bakitéríà tó ń fa inú rírun, tí alángbá lè gbé sára.

Ìyá onílé wa wò ó títí, wọ́n ní, "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti yá?"

Mo ní, "Orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, Mà."

Akọ tí ara rẹ̀ kò yá tàbí tí òtútù mú kì í ní àwọ̀ tó dán. Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan bí aago mẹ́wàá, pupa díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí orí náà, ara sì ń dúdú bọ̀ wá sí aró. Ìgbà yẹn la tó fún un ní ìrẹ̀ kéékèèké àti ikán. Ó gbé ìrẹ̀ àkọ́kọ́ mì kí ọmọ mi tó fọwọ́ kúrò.

Ó lo ọjọ́ 17 lọ́dọ̀ wa. Ìdí ògiri tí ológbò ti mú un gan-an la dá a padà sí, torí ibẹ̀ ló mọ ihò rẹ̀. A kò tú u sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ara rẹ̀ yóò ti máa tutù lọ tí kò ní lè sáré. A dúró di ìgbà tí oòrùn wọ ara búlọ́ọ̀kù. Ó gùn ún dé ìdajì, ó dúró, ó tẹ inú rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì tó ti gbóná, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.